Ẹsẹ̀ kúrò, lọ́ọ̀kì ò kúrò: ohun tó ṣe katakata ìyá wa ní àkùrọ̀ Ejiba

Katakata náà kò tíì yọ sí mi lójú tí mo ti ń gbọ́ ọ. Mo wà lábẹ́ ọkọ̀ kan nínú ṣọ́ọ̀bù mi n'Ísánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogi, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù keje tí òjò kì í jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ, ni mo gbọ́ ohùn kan lójú títì: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ yà wọlé, mo rí i pé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ti kọjú sọ́tùn-ún, àmọ́ katakata ń lọ tààrà ní tirẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ń ha kọnkéré bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ àpótí ẹrù. Mo sáré jáde, mo nawọ́ sókè pé kó dúró níbẹ̀, kó má ṣe yà mọ́.

Ọmọ tó ń wà á pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀. "Okun o, bọ̀ọ̀dá," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ó jọ pé mo ti ba nǹkan ìyá jẹ́." Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ dé orúnkún, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n.

Ìyá tó ń wí yìí, àbúrò ìyá tó bí mi ni. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì wọn ni wọ́n sì kó lé katakata yìí lórí: tòkunbọ̀ kékeré láti Jàpáànì, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n ẹṣin lọ, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì lè ṣiṣẹ́ tí èèyàn bá fa ọwọ́ rẹ̀. Ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn ní àkùrọ̀ kan lọ́nà Ejiba, ní agbègbè dáàmù Omi tí wọ́n fi sé odò Kampe. Ẹni tó bá ti tẹ ilẹ̀ yẹn nígbà òjò mọ̀ ọ́n. Amọ̀ dúdú ni, òkè rẹ̀ á gbẹ fẹ́rẹ́ kó tan èèyàn jẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi rotavator, ẹ̀rọ abẹ́ tó ń pòòyì lẹ́yìn katakata, po ilẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rí wọn.

Kí n ṣàlàyé dífù, àkójọ jíà tó wà láàrin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá wa lọ́jọ́ kejì nìyí. Mo ní kí wọ́n rántí àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn tó ń yan bí ológun lọ́jọ́ ìdárayá. Wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí wọ́n bá dé kọ̀rọ̀ pápá, ẹni tó wà nínú á máa gbẹ́sẹ̀ lójú kan, ẹni tó wà lóde á máa na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kí ìlà má baà wọ́. Iṣẹ́ tí dífù ń ṣe fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì nìyẹn: ó ń jẹ́ kí ọ̀kan sáré kí èkejì rọra. Àmọ́ ó ní ibi tó kù sí. Agbára tó ń pín fún àwọn méjèèjì dọ́gba ni, ìwọ̀n èyí tí ẹsẹ̀ tó ń yọ̀ lè lò ló sì ń pín. Tí ọ̀tún bá kó sínú ẹrẹ̀ tí kò rí ohun tẹsẹ̀ lé, díẹ̀ báyìí ló máa gbà kó tó máa pòòyì. Díẹ̀ yẹn náà ni òsì tó dúró lórí ilẹ̀ gidi á rí. Kò lè tó gbé katakata. Òsì á dúró gbagidi, ọ̀tún á máa gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe lọ́ọ̀kì nìyẹn. Òrùka irin kan tó léyín wà nínú lọ́hùn-ún, fọ́ọ̀kì kan ló ń tì í. Tí èèyàn bá fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà kékeré tó wà nísàlẹ̀ ìjókòó, fọ́ọ̀kì á ti òrùka náà kí eyín rẹ̀ wọ inú eyín ara dífù, ẹsẹ̀ méjèèjì á sì di ẹyọ kan. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle á fa èyí tó wà nínú ẹrẹ̀ jáde. Tí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí pẹ́dà, sípírìn á dá òrùka padà. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Mo ní kí ọmọ náà jókòó, kó rò ó fún mi látìbẹ̀rẹ̀, kó má fi nǹkan kan pamọ́. Kò sì fi pamọ́.

Ọjọ́ kìíní, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ ibi tí omi ti ń sun. Ó fún un níná, ó ń pòòyì, ẹrẹ̀ ń ta sókè, katakata kò kúrò. Ó rántí pé awakọ̀ kan ti sọ fún òun nígbà kan rí pé pẹ́dà gìgísẹ̀ yẹn ló ń yọ katakata nínú ẹrẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán tó yẹ kó wà létí pẹ́dà ti pa rẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lára katakata náà èdè Jàpáànì ni. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń pòòyì lọ́wọ́, tí ẹ́ńjìnnì ń ké, ló fi gìgísẹ̀ gún un. Ó ní òun gbọ́ "gbàù!" lábẹ́ ìjókòó, katakata sì fò jáde bí ẹran tó já okùn. Inú rẹ̀ dùn. Àwọn tó wà lóko pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ìgbà náà lọ, tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ rọ̀ báyìí, pẹ́dà yẹn ló ń gún.

Mo bi í pé, "Tó o bá dé ìpẹ̀kun oko ńkọ́?" Ó ní òun a gbé ẹsẹ̀ kúrò, òun a yí ọwọ́ ọkọ̀, òun a sì tẹ bíréèkì ẹ̀gbẹ́ kan kó lè yí lójú kan. Ọ̀pọ̀ katakata kékeré báyìí ló ní bíréèkì ẹ̀yìn méjì, ti ọ̀tún lọ́tọ̀, ti òsì lọ́tọ̀. Irin kékeré kan ló ń so pẹ́dà wọn pọ̀ tí èèyàn bá máa wọ títì. Kò burú láti fi ẹyọ kan yí lóko. Mo wá bi í pé, "Nígbà tó o gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà lọ́ọ̀kì, ṣé pẹ́dà náà gbéra?"

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mi ò wò ó."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, a gbé ẹ̀yìn katakata sókè. Mo fi igi há ẹsẹ̀ iwájú, mo yọ ẹsẹ̀ iwájú kúrò nínú iṣẹ́, mo fi igi ńlá gbé ilé áàsù, irin tó bo ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ní ọ̀tún àti òsì, torí mi ò gbà kí jáàkì nìkan gbé katakata sí mi lórí láéláé. Jíà wà ní nútúrà. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà funfun sára táyà méjèèjì, mo ní kí ọmọ náà fọwọ́ yí táyà òsì síwájú. Tí lọ́ọ̀kì bá ti bọ́, táyà ọ̀tún á máa yí sẹ́yìn. Àmọ́ bó ṣe ń yí òsì síwájú, ọ̀tún ń tẹ̀ lé e síwájú, ìlà ṣọ́ọ̀kì méjèèjì ń lọ sókè, wọ́n ń bọ̀ nísàlẹ̀ pa pọ̀. Lọ́ọ̀kì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ àná kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan pẹ́dà.

Mo wolẹ̀ wo ìdí pẹ́dà. Ẹrẹ̀ àkùrọ̀ ti gbẹ mọ́ ibi tó ti ń yí, ó le bí búlọ́ọ̀kù. Mo fi ọ̀bẹ ha á kúrò, mo ta ọ́ìlì sí i, pẹ́dà gbéra díẹ̀, kò gbéra tán. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé a máa tú u.

Ọ́ìlì ẹ̀yìn ni a kọ́kọ́ tú sínú abọ́. Irú katakata yìí, ọ́ìlì kan náà tó ń bẹ nínú jíà àti dífù ló ń gbé rotavator sókè, torí náà irin tó bá já sínú rẹ̀ lè rìn dé ibi tí kò kàn án. Mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lórí ìdérí ìsàlẹ̀ ti hu irun: èérún irin tó dúdú, tó rọ̀ bí ìyẹ̀fun nígbà tí mo fi ìka pọ̀ ọ́ mọ́ra. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù, ó máa ń wà. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni ẹyọ mẹ́ta tó wà láàrin rẹ̀, tó ń dán, tó tóbi tó èékánná ọmọdé, tí etí wọn mú. Eyín nìyẹn.

Ọjọ́ kan àbọ̀ ni a fi yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ilé áàsù kí ọwọ́ wa tó tó òrùka náà. Mo gbé e sórí tábìlì, mo fi kẹrosínì fọ̀ ọ́, mo pe ọmọ náà kó wá wò ó pẹ̀lú mi. Apá mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ohun tó fa kálukú.

Àkọ́kọ́, igun eyín. Níbi tí eyín ti kọ́kọ́ ń fara kan ara wọn, igun rẹ̀ ti yí roboto, àwọn kan ti já. Ti "gbàù" nìyẹn. Ara dífù ń lọ ní ìwọ̀n tirẹ̀, áàsù tó ń pòòyì ń sáré jù ú lọ, ọmọ náà sì ní kí eyín wọ ara wọn lórí eré. Kì í wọ̀ ọ́, ó ń gbá a ni, títí ọ̀kan á fi há.

Èkejì, fọ́ọ̀kì. Ó ti tẹ̀ síta díẹ̀, ìwọ̀n nípọn ẹyọ kọ́bọ̀ kan, ó sì ti jẹ ihò òrùka lápá kan. Èyí wá láti inú gígún. Tí eyín kò bá tíì dojú kọ àlàfo, pẹ́dà kì í wọlẹ̀. Ẹni tó bá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ nígbà náà, fọ́ọ̀kì ló ń tẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, torí òun ni wọn ì bá yẹra fún láìná kọ́bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ eyín ti dán, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì láàlà bí ẹni fi irin mìíràn lọ̀ ọ́. Ẹrù ńlá ló fi irú àpá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹrù náà kì í sì í ṣe ti ẹrẹ̀. Nínú ẹrẹ̀, tí lọ́ọ̀kì bá wà tí èèyàn sì yà, táyà á yọ̀, á fi ara jì í. Lórí ilẹ̀ líle kò síbi tó máa yọ̀ sí.

Ìyá wa dé nígbà tí mo ń sọ èyí, wọn kò gbà. "Láti oko dé ibí, títì tààrà ni," ni wọ́n wí. "Mélòó ló yà nínú ẹ̀?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Mo gbé téèpù, mo wọ̀n láti àárín táyà ọ̀tún dé àárín táyà òsì: mítà 1.2. Mo fi okùn yí táyà ká lẹ́ẹ̀kan, mo nà án sílẹ̀: mítà 3.5. Mo wá mú ṣọ́ọ̀kì, mo ya ìlàjì òbìrí méjì sórí kọnkéré, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde, mítà 1.2 láàrin wọn. Tí katakata bá yí padà ní ìpẹ̀kun oko kó lè kọjú sí ibi tó ti wá, ẹsẹ̀ òde á fi nǹkan bí mítà 3.8 rìn ju ti inú lọ, yálà ó yí nínú àyè kékeré tàbí nínú àyè ńlá. Ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ yí ju ti inú lọ ní odindi ẹ̀ẹ̀kan, kó tún ṣẹ́ díẹ̀ lé e. Pẹ̀lú lọ́ọ̀kì, kò lè fi ìka kan ju ú lọ. Ìgbà mélòó ni wọ́n dé ìpẹ̀kun oko láàrin ọjọ́ mẹ́ta? Tí wọ́n sì tún tẹ bíréèkì ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ ọn, bíréèkì ń di ẹsẹ̀ méjèèjì mú, ẹ́ńjìnnì ń tì wọ́n, inú eyín yẹn ni ìjà náà ti ń ṣẹlẹ̀.

Ìyá wa tẹjú mọ́ ìlà náà, wọ́n fi ọ̀pá wọn tọ́ ìlà òde. "Àti títì ńkọ́?" Ìbéèrè tíṣà gidi ni. Mo ní kí wọ́n wo táyà. Mo fi géèjì wọ̀n ọ́n lójú wọn: òsì jẹ́ páún 22, ọ̀tún jẹ́ páún 14. Èyí tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó ń jókòó sílẹ̀ ju èkejì lọ, torí náà ó ní láti yí díẹ̀ sí i kó tó rin ìwọ̀n ọ̀nà kan náà. Èèyàn lè máa lọ tààrà bí ọfà, ẹsẹ̀ méjèèjì á ṣì máa fa ara wọn mọ́lẹ̀ lórí ọ̀dà, irin á máa lọ́ra bí aṣọ tí wọ́n ń fún, títí táyà kan á fi yọ̀, kọ̀! Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ara wọn. Ohùn tí mo gbọ́ lábẹ́ ọkọ̀ nìyẹn.

Lílọ́ra yìí ni mo fẹ́ kó yé gbogbo ẹni tó ń wa katakata kékeré nílẹ̀ wa, torí òun ló fà á tí ẹsẹ̀ fi kúrò tí lọ́ọ̀kì kò kúrò. Tí ẹrù bá wà lórí eyín, eyín di ara wọn mú ṣinṣin. Sípírìn kékeré yẹn kò lágbára tó lè fà wọ́n yà. Kódà tí pẹ́dà bá mọ́ tónítóní, tí gíríìsì wà nídìí rẹ̀, lọ́ọ̀kì á dúró níbẹ̀ títí ẹrù á fi kúrò lórí rẹ̀. Ti ọmọ yìí wá jẹ́ méjì: ẹrù ń bẹ lórí eyín, ẹrẹ̀ gbígbẹ sì di ìdí pẹ́dà mú.

Ìyá wa fẹ́ lé ọmọ náà. Wọ́n kò pariwo, wọ́n kàn ní kó kó ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá tún un ṣe tán. Èmi kò fara mọ́ ọn, mo sì sọ ọ́ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọmọ yìí gbọ́ "gbàù", kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ohùn yẹn kò dára. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n pa fún un. Ó wa katakata wá fúnra rẹ̀ nígbà tó rí i pé kò yà dáadáa mọ́, kò sá lọ sílé. Ẹni tó jẹ̀bi jù ni ẹni tó fi pẹ́dà hàn án tí kò fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án, èmi náà sì wà níbẹ̀, torí èmi ni mo yẹ katakata yìí wò nígbà tí wọ́n rà á. Mo yẹ ẹ́ńjìnnì, mo yẹ jíà, mi ò fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ̀rọ̀ pẹ́dà yẹn. Ìyá dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Kọ́ ọ nígbà náà. Kọ́ èmi náà."

Ẹnì kan ní ká gbé òrùka lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kó fi irin kún eyín rẹ̀. Mo kọ̀. Iná ti sè eyín yẹn le ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Iná wẹ́dà á ba líle yẹn jẹ́, ibi tí wọ́n bá lẹ̀ á já lọ́jọ́ kan, á sì já sínú jíà. Ìlọrin ni a ti rí òrùka àti fọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ tó dáa, a ra ọ́ìlì síìlì tuntun mọ́ ọn. Mo fọ fítà ọ́ìlì, mo da ọ́ìlì tuntun sí i, lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ tó ṣiṣẹ́ mo tún tú u wò bóyá èérún kan ṣẹ́kù. Ó mọ́. Táyà méjèèjì di páún kan náà.

Ọjọ́ tí a padà sí àkùrọ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ ní kó wa ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ ibi tí omi ti ń sun yẹn. Kó tó dé ibẹ̀ ni mo ní kó dúró. Lọ́ọ̀kì kì í ṣe oògùn fún ẹsẹ̀ tó ti ń pòòyì. Tí èèyàn bá rí ẹrẹ̀ níwájú, ó yẹ kó ti wọ̀ ọ́ kó tó débẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá sì ti ń pòòyì kó tó mọ̀, kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí gbogbo nǹkan dúró pátápátá. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó dín iná kù, ó wà ní jíà kìn-ín-ní. Ó gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà. Kò wọlẹ̀. Mo rí i tí itan rẹ̀ fẹ́ le, mo ní, "Má gún un. Tú kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀ báyìí, kí ẹsẹ̀ yí ìwọ̀n ìka kan." Ó tú u, pẹ́dà sì wọlẹ̀ fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìlẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá a mu. Katakata gba inú ẹrẹ̀ kọjá láìta ẹrẹ̀ sókè rárá. Ìyá wa tó dúró lórí ebè ní, "Ṣé ó ti parí nìyẹn?"

Mo tún fi ọ̀nà kejì hàn án, èyí tí kò ní lọ́ọ̀kì nínú. Tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ń pòòyì díẹ̀, kó fẹsẹ̀ ba bíréèkì ọ̀tún nìkan, fẹ́rẹ́fẹ́. Iṣẹ́ á le fún ọ̀tún, òsì á wá rí agbára gbà. Ìyẹn ti tó nígbà púpọ̀. Kó má ṣáà lò ó pọ̀ mọ́ lọ́ọ̀kì. Tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá sì ti ń pòòyì pa pọ̀, tí ikùn katakata ti jókòó lórí ẹrẹ̀, kó pa á, kó sọ̀ kalẹ̀, kó wá ṣọ́bìrì. Lọ́ọ̀kì á kàn rì í sí i ni. Mo kìlọ̀ fún un gidigidi pé kó má ṣe fi ṣéènì de igi mọ́ táyà ẹ̀yìn láti fi yọ ọ́, torí tí igi bá há sílẹ̀, iwájú katakata á gbéra, á sì yí bo ẹni tó wà lórí rẹ̀ kó tó rántí kílọ́ọ̀ṣì.

Mo wá kọ́ ọ ní yíyọ rẹ̀. Kó gbé gìgísẹ̀ kúrò nígbà tó ṣì ń lọ tààrà, kó wo pẹ́dà. Tí kò bá gbéra, kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ẹrù kúrò. Tí kò bá tíì gbéra síbẹ̀, kó fi jíà ẹ̀yìn rìn díẹ̀ ní tààrà, kí irin tó lọ́ra tú. Kí ọwọ́ rẹ̀ má kan ọwọ́ ọkọ̀ láti yà títí yóò fi rí i lójú pé pẹ́dà ti dé òkè. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo, kó fi omi fọ ìdí rẹ̀, kó sì fi gíríìsì sí i.

Ẹ̀yìn ìyẹn mo kúrò lórí rẹ̀, mo lọ dúró ti ìyá wa. Ó po ilẹ̀ lọ, ó dé ìpẹ̀kun oko, ó gbé rotavator sókè. A retí kó yà, kò yà. Ó dúró níbẹ̀, orí rẹ̀ wolẹ̀ sápá ọ̀tún.

"Kí ló tún dé?" ìyá wa pariwo sí i láti orí ebè. "Kí ló dé tó ò yà?"

Ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa láàrin ariwo ẹ́ńjìnnì: "Mo ń dúró dè é ni, Mà. Ó ń bọ̀ lókè."